Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Ìkádìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gbogbo àwa tá a lọ sẹ́kọ́ńdìrì nílẹ̀ yìí la mọ gbólóhùn yẹn. Bí wọ́n bá jí wa lóru ọ̀gànjọ́, a máa kà á láìṣì ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "Pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó wọ̀nyí, mo lérò pé mo ti yí yín lọ́kàn padà, mi ò sì dà yín lọ́kàn rú." Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń jiyàn, òun la fi ń kádìí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, àá túmọ̀ ẹ̀, òun náà la ó tún fi kádìí. Gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́, olùsọ̀rọ̀ á tẹríba, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé, gbólóhùn tó o sọ yẹn, kí ló ṣe fún ẹ?

Èmi ní láti béèrè, torí iṣẹ́ náà já lé mi léjìká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, tíṣà Yorùbá kan láti ilé ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀nà Àgbádárìgì wá sí ẹ̀ka wa. Ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó máa bá òun kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ díbéètì, torí ìdíje kan ń bọ̀ láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ fún àyájọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì lọ́dọọdún láti ọdún 2000. Yorùbá ni wọ́n fẹ́ fi jiyàn. Olùkọ́ wa kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ mú akéwì yìí lọ jàre, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi." Bí mo ṣe di Àǹtí Díbéètì nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, bí kíláàsì mi bá ti parí báyìí, mo ti sáré wọ dáńfó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin ìdíje náà kó tó di pé mò ń bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ti sọ tiwọn tán, ẹnì kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ á tún dìde, á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kádìí. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ yá ìlànà yìí láti inú ìdíje àríyànjiyàn àwọn ilé ẹ̀kọ́ lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú 8 ni wọ́n ń fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 4 ni ti ìkádìí. Òfin méjì ló so mọ́ ìkádìí yìí. Èkíní, o ò gbọdọ̀ mú kókó tuntun wọ inú ẹ̀. Èkejì, àwọn alátakò ló ń kọ́kọ́ kádìí, àwọn alátìlẹ́yìn ló ń gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé tó o bá jẹ́ alátakò, wàá jókòó, wàá panu mọ́, wàá máa gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe ń tú gbogbo ohun tó o dì, o ò sì ní lè dìde mọ́.

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa rèé: èdè abínibí ló yẹ kí a máa fi kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú ìwé kíká nínú àpótí. Alátakò ló bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń ka Yorùbá, tí mò ń kéwì ní Yorùbá, tí ẹ ti bá ewì mi pàdé nínú ìwé yìí níbi tí mo ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, èmi náà ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó dìde, kó fi Yorùbá tó já gaara sọ pé kí wọ́n má fi Yorùbá kọ́ni! Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka wa ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti ń gbé báàgì mi báyìí, wọ́n á ní, "Apàṣà ti ń lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe eré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà tún fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ẹ rántí bí ẹ̀ka wa ṣe gbóná lọ́sẹ̀ yẹn. Mo sọ fún tíṣà náà pé, "Sà, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè bá wa pààrọ̀ ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ọmọ ló fẹ́ jiyàn o, kì í ṣe ìwọ."

A bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí ọmọ méjì dìde. Ọ̀kan ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ló dára jù, èkejì ní iṣẹ́ ìjọba ni. Mo ní kí wọ́n má sọ kókó kankan o, kí wọ́n ṣáà kádìí. Àwọn méjèèjì ka "pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó wọ̀nyí" wuuru. Mo bi àwọn tó kù pé, "Ta ló borí?" Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọkùnrin kan ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan náà kẹ̀ ni wọ́n sọ." Mo ní, "O káre!" Ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣiṣẹ́ fún ìwọ àti ẹni tó ń ta kò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò bá ẹnì kankan nínú yín ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà la ti fòfin de gbólóhùn yẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́, á gbálẹ̀ kíláàsì.

Kí wá ni iṣẹ́ ìkádìí? Mi ò fẹ́ fi ìwé ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, ni mo bá mú wọn wọ dáńfó. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọkọ̀ ní Ìyànà-Ìba, ẹ ti rí i bí kọ̀ńdọ́ àti èrò ṣe máa ń jà nítorí ṣéńjì. Kọ̀ńdọ́ ní òun ò ní ṣéńjì. Èrò ní òun ti sọ fún un kóun tó wọlé pé odidi ẹgbẹ̀rún kan náírà lòun mú dání. Kọ̀ńdọ́ ní láti ibùdókọ̀ lòun náà ti ń pariwo pé kí wọ́n mú ṣéńjì wọlé. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí owó, ó ti dórí ìyá, ó ti dórí ìran. Ìgbà náà ni màmá kan lẹ́yìn ọkọ̀ á wá ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Kọ̀ńdọ́, nígbà tó sọ fún ẹ pé odidi lòun mú dání, o gbọ́ àbí o ò gbọ́?" Gbogbo ọkọ̀ á pa lọ́lọ́. Ìbéèrè kan péré, ọ̀rọ̀ ti lójú. Màmá yẹn ò mú ẹ̀rí tuntun wá o. Kò pariwo ju àwọn tó ń jà lọ. Ó kàn rí ibi tí ìjà náà so kọ́ sí, ó sì fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ màmá yẹn gan-an niṣẹ́ ẹni tó ń kádìí.

Mo wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí kálukú fetí sí ìjà kan ládùúgbò, kó má dá sí i o, kó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìjà náà dá lé lórí wá. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kó wá! Ìjà omi, ìjà ìlà nídìí bohóòlù, ìjà ta ló ni bíírò. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn òbí òun jà nítorí epo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta ló ń gbọ́ ti ẹnì kejì nínú ilé náà. Mo ka ìyẹn tán, mo ká ìwé náà pọ̀, mo dá a padà fún un. Mi ò kà á sí kíláàsì létí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.

Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì ayé àtijọ́, ti ka iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún ìkádìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Kí àwọn olùgbọ́ rí ẹ bí ẹni rere, kí wọ́n sì kọminú sí alátakò ẹ. Kí o gbé ohun tó tóbi ga, kí o sì fi ohun tó kéré hàn bí ohun kékeré. Kí o ru ọkàn wọn sókè. Kí o rán wọn létí ohun tó o ti sọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin la dì mú nílé ẹ̀kọ́ tiwa: ká pariwo, ká sì tún kókó wa kà láti ọ̀kan dé márùn-ún. Ìkejì ló ṣòro jù, òun ló sì wúlò jù, ìyẹn ni kéèyàn wọn ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní kókó márùn-ún lè pàdánù fún ẹni tó ní ẹyọ kan tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀.

Láti kọ́ wọn ní wíwọn ọ̀rọ̀, mo fún wọn ní gbólóhùn tuntun ní ìdípò èyí tí a fòfin dè. "Ká tilẹ̀ gbà." Ká tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ, ṣé ẹjọ́ ti parí síbẹ̀? Òfin tí mo so mọ́ ọn ni pé, kóo tó sọ "ká tilẹ̀ gbà", kí o kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì débi tí òun fúnra ẹ̀ á fi mi orí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn." Bó o bá sọ ọ́ ní àbùkù, àwọn adájọ́ á mọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, etí wọn ò di.

Èmi náà ni mo mú ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn wá fún wọn. Ẹ ò ní retí kí n fi pamọ́. Mo sọ fún wọn pé láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's tó wà ní Modákẹ́kẹ́. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ pátá. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, wọ́n ta wọ́n yọ, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ojú mi ń dán, mi ò lè pa á mọ́ra. Ọmọkùnrin olùsọ̀rọ̀ kẹta wa gbá orí mú. Ó ní, "Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ti sọ èyí, kí ló kù tá a máa sọ?"

Ní tòótọ́, kí ló kù? Wọ́n dábàá pé kò síwèé. Wọ́n ní WAEC àti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ní tíṣà ò tó. Kókó tó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àìsí ìwé kì í ṣe ẹ̀bi èdè, wọ́n lè tẹ̀wé. Wọ́n lè yí ìdánwò padà. "Ká tilẹ̀ gbà" máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọbìnrin tá a ti yàn láti kádìí ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. SS1 ló wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Yorùbá ẹnu ẹ̀ dán débi pé mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ó dúró dè mí nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ó ní, "Àǹtí, mo ti rí ìbéèrè náà." Mo ní kí ni. Ó ní, "Èdè abínibí ta ni?"

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ apá ibí dáadáa, Àgbádárìgì jẹ́ ilé fún àwọn Ègùn, àwọn ìbátan wọn sì wà lódì kejì ẹnubodè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Èdè wọn kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà la jọ wà, òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ṣe ní 2018 sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Tún wo ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa tó ti wà láti 1977. Èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "tàbí" yẹn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni ọmọ yìí ń gbé. Bí ìjọba bá ní èdè abínibí, ohun tó máa dé kíláàsì tiẹ̀ ni Yorùbá. Àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ gbọ́ tíṣà wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìyá wọn. Òun máa gbọ́ tíṣà tiẹ̀ bí a ṣe ń gbọ́ aládùúgbò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò tètè rọ́rọ̀ sọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kéwì pé Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu wa lọ́wọ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wá jókòó síwájú mi, ó ń fi Yorùbá tó dán ju tèmi lọ sọ fún mi pé Yorùbá lè ṣe fún òun bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe fún mi. Mo ṣì gba ti Fáfúnwá gbọ́, mo gbà á gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo wá ṣe níbẹ̀ ni kí n kọ́ ọmọ láti rí ìbéèrè. Ó ti rí i. Ọ̀nà wo ni màá fi sọ pé kó ju èyí nù, kó lọ mú èyí tó bá mi lára mu?

Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni òfin pé kò gbọdọ̀ sí kókó tuntun nínú ìkádìí. Àwọn ọmọ máa ń rí òfin yìí bí ìfìyàjẹni, torí kókó tó dùn jù ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́ dìgbà ìkẹyìn. Mo sọ fún wọn pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bó o bá mú ọ̀rọ̀ tuntun jáde nígbà tí kò sẹ́ni tó láǹfààní láti fèsì mọ́, o fẹ́ sọ àwọn adájọ́ di àgbà òṣìkà nìyẹn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kórè nínú ìkádìí, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbìn ín láti òwúrọ̀. Torí náà, òun fúnra ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùsọ̀rọ̀ kejì, ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa Ègùn ní Àgbádárìgì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ gangan, pẹ̀lú àlàyé lórí "tàbí" inú ìlànà ẹ̀kọ́. Nínú ìkádìí, ìwọ̀n nìkan ló kù tó máa gbé lé e.

Ìṣòro kejì le ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ò mọ̀ pé Ègùn ni. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sín ẹlòmíràn jẹ, ó sì ti fi Yorùbá bo ara ẹ̀ láti JSS1. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kí n sọ pé èmi ni?" Mo ní mi ò lè bá ẹ yan ìyẹn. Ìkádìí náà máa dúró bó o bá sọ pé "ọmọ Ègùn kan". Kò sí máàkì kankan nílé ayé tó tó kó o tìtorí ẹ̀ gbé ara rẹ sọ́jà. Mo wá ṣàlàyé ìyàtọ̀ kan fún un. Bó o bá sọ ìtàn ara rẹ káwọn èèyàn lè ṣàánú ẹ, máàkì lò ń tọrọ. Bó o bá sọ ọ́ torí pé ìwọ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà nílẹ̀, ẹ̀rí lo mú wá. Adájọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀ náà, ìwọ náà á sì mọ̀ ọ́n lára ẹ. Lọ rò ó wò. Mo fi ọ̀rọ̀ náà tó tíṣà létí, òun náà ní ọwọ́ ọmọ ló wà.

Àwọn ọjọ́ tó kù, ọwọ́ àti ẹnu la kọ́. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín mẹ́jọ, pé babaláwo gbọ́dọ̀ há ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ sórí láìyẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó lómìnira láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀ sọ àárín. Mo mú èyí lò fún wọn. Ẹ há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí, ẹ há èyí tó gbẹ̀yìn sórí. Àárín, ẹ bá wa sọ ọ́ bí ẹ bá ṣe gbọ́ ìjà ọjọ́ náà sí. Ọmọ tó bá há gbogbo ẹ̀ sórí kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, ó kàn ń dúró de ìgbà tó máa kan òun ni.

A tún ṣètò ọpẹ́. Nílẹ̀ wa, ọmọdé ò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ kó má dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí "ẹ ṣeun" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, òun làwọn adájọ́ máa gbé délé. Ẹ dúpẹ́ nígbà tí ẹ bá dìde, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ gidi jókòó. Ti òwe ńkọ́? Ẹyọ kan péré, kí "tótó ṣe bí òwe" sì ṣíwájú ẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti to òwe márùn-ún léra bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Mo ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, bó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún adájọ́ láti parí fúnra ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn alátìlẹ́yìn mú Fáfúnwá wá bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ṣe, wọ́n ṣe é dáadáa. Tiwa náà gbìyànjú, yàtọ̀ sí pé olùsọ̀rọ̀ kẹta wa sọ̀rọ̀ kọjá àkókò, agogo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin wa wá dìde fún ìkádìí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde.

Ó ní ohun tí gbogbo ilé ti ń jà lé lórí láti àárọ̀ kì í ṣe bóyá èdè abínibí dára. Ó ní àwọn gbà pé ó dára. Ó ka ti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀, ó sọ ọ́ débi pé àwọn alátìlẹ́yìn ń mi orí. Ó ní ká tilẹ̀ gbà á pátápátá, ohun tó fi hàn ni pé ọmọ tó bá gbọ́ èdè ilé ẹ̀ ní kíláàsì á yege. Ó wá béèrè pé, "Èdè ilé ta ni?" Ó tún "tàbí" inú ìlànà ẹ̀kọ́ mú wá. Ohùn ẹ̀ ò ga. Nígbà tó ku ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin adájọ́ wa, èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún kọ́ ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá dájọ́ fún èdè abínibí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ti ta ni?" Ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pa á.

Ọmọkùnrin tó kádìí fún àwọn alátìlẹ́yìn kì í ṣe ẹran rírọ̀ o. Ó ti kọ ìkádìí ẹ̀ sínú ìwé. Ó wo ìwé náà, ó yí i dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi yẹn dára, òun ni màá sì dáhùn." Ó ní bí Yorùbá bá jẹ́ èdè àjèjì fún un, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èyí tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní oògùn ẹ̀ ni kí Ègùn ní ìwé tiẹ̀ àti tíṣà tiẹ̀, torí orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta ẹ̀ ló ná sórí ìbéèrè ọmọ wa. Wọ́n fi máàkì mẹ́ta na wa.

Mo ti rò ó títí, mo sì ń sọ ọ́ fún yín báyìí pé ìkádìí tó dára jù tí mo tíì gbọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ̀ tó ni ín ló pàdánù. Ṣáájú kó tó dìde, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé Ègùn ní gbọ̀ngàn yẹn. Òun ló jẹ́ kí àwọn tó borí borí pẹ̀lú ìdáhùn tó sàn ju èyí tí wọ́n mú wá láti ilé. Bí ẹnì kejì bá kó ìwé ẹ̀ tì nítorí ìbéèrè rẹ, iṣẹ́ ìkádìí ti ṣe nìyẹn, ohun yòówù kí máàkì sọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a fi ń padà, ẹni tó máa ń sín ọmọ Ègùn jẹ jù nínú wọn yíjú sẹ́yìn. Ó ní, "Jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'wọ́n nà wá' ní Ègùn?" Ó sọ fún un. Wọ́n ń pariwo ẹ̀ títí a fi dé ilé ẹ̀kọ́, wọn ò sì pè é dáadáa, ó ń tún un ṣe fún wọn.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ka Yorùbá, ohun méjì ni mo fẹ́ sọ. Èkíní, ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí yín ń wá ẹni tó máa lo ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹ lọ. Ẹ má mú ewì lọ nìkan, ẹ mú ìjà kọ̀ńdọ́ lọ. Ẹ fòfin de "pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó wọ̀nyí". Bí ìbéèrè tí ọmọ bá rí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá a pọ́n ọn kó mú síbẹ̀síbẹ̀.

Èkejì, a ti kọ̀wé, a ti kéwì, a ti bínú sí ohun tí ìjọba ṣe ní 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí wọ́n dá ìlànà yẹn padà, ká má lọ bá wọn pẹ̀lú Yorùbá nìkan lẹ́nu. Ọmọ kan wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì tó ti bi wá ní ìbéèrè. Ká kọ́kọ́ ní ìdáhùn tiẹ̀ lọ́wọ́ ná.